Ère Tí Mo Ní Mo Jù Sínú Ọ̀sà

Koumassi, Abidjan,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 2011.

Bọ́láṣadé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tí n kò tíì fojú rí. Kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà ní Kútọnu. Ara tèmi le, àyàfi orúnkún. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gba ọ̀rọ̀ gígùn: irọ́ ni mo pa fún ọ. N kò ju ère rẹ sínú ọ̀sà. Inú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà láti ìgbà náà.

O rántí ọdún 1999, tí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè yìí lọ́lẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fún ní ti obìnrin tó mọ eré ṣe jù lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, o gbé ère idẹ náà wá, o kúnlẹ̀, o ní, "Bàbá, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bà nìyí. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ súre sí i." Bí a ti ń ṣe é nílé wa ni o ṣe é: ẹnikẹ́ni kì í lo ohun tó kọ́kọ́ rí gbà láìjẹ́ pé àgbà ilé ti súre sí i. Mo gbà á, mo gbé e wọ yàrá, n kò sì súre kankan.

Ojú ló ń tì mí. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó gba ọkọ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ ni o ṣe nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún ọ ní ère náà, gbogbo Koumassi ló sì ń wò ó. Aboudou aránṣọ a máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà: "Mísíọ̀ Adélànà, àna wa dà? A rí ìgbéyàwó lánàá, ẹ ò tilẹ̀ bu ìrẹsì fún wa!" Wọn á rẹ́rìn-ín títí. Èmi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, n kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o padà wá béèrè ère rẹ, mo ní ó ti wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, kí o lọ lúwẹ̀ẹ́ wá a. O kò sunkún. O ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," o sì palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Mo gbọ́ pé o kò tún ṣeré mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ, ẹ̀yìn èrò ni o dúró sí, o kò wọlé wa.

Àmì-ẹ̀yẹ náà pàápàá kò rójú. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àwọn sójà fi gba ìjọba. Wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀, ogun pín ilẹ̀ sí méjì, wọ́n pa á tì. Lọ́dún yìí, nígbà ìjà tó tẹ̀lé ìdìbò, àwọn jàǹdùkú kó ọ́fíìsì àmì-ẹ̀yẹ náà: fọ́tò, kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ lọ.

Màdáàmù Henriette, tó dá a sílẹ̀, wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun náà ti darúgbó. Wọ́n fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, ó sì fẹ́ kí àwọn tó kọ́kọ́ gbà á gbé ère wọn wá sórí ìtàgé, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí i pé àwọn kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Ogun pa ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn ta ère tirẹ̀ nígbà ebi. "Ti Bọ́láṣadé ló kù," ni ó wí. "Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo ní, "Yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ganiatou, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ń bọ̀ ní Kútọnu. Òun ni mo fi ère náà rán. Bí o bá fẹ́ wá ní oṣù kejìlá, ilé rẹ nìyí. Bí o kò bá wá, n kò ní í bínú. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Mo fọwọ́ kan án láàárọ̀ yìí, mo sì sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ nígbà tí o kúnlẹ̀. Ojú kò ní í tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò gbé ohun rere wá bá ọ, wàá sì rí ẹnu súre fún wọn. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá dì mú, ẹnikẹ́ni kò ní í gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́ láé, ìbáà ṣe bàbá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ìre rẹ̀ pẹ́ kó tó dé,
Adélànà.

Mo gbàgbé: nígbà tí mo fa àpótí náà jáde, mo rò pé eruku ni n ó bá. Gèlè ìyá rẹ ni mo bá tí wọ́n fi wé ère náà, tí wọ́n sì ti nù ún. Ó mọ̀ pé n kò jù ú nù, kò sì fìgbà kan bi mí. Bóyá ó ń dúró dè mí ni. Mo ti tún fi gèlè náà wé e. Ìwọ ló ni méjèèjì.