Ṣíbí Ọbẹ̀ àti Ife Kékeré

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ-ọmọ yín ti ń sáré kiri inú yàrá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó há sí i láyà ti rọ̀.

Ṣíbí ọbẹ̀ tí ẹ fi ń wọn oògùn fún wa ni mo kọ́kọ́ lò. Ọmọ ti gbé oògùn náà mì kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n bí ìyá ọmọ, mo mú ìgò àti ṣíbí, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin apòògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ó bu omi sí ṣíbí, ó dà á sínú ife kékeré tó bá ìgò wá. Omi náà kọjá ìlà ọmọ ọdún mẹ́ta dáadáa.

Ó yẹ ọmọ wò, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí ò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹ má fún un mọ́ lónìí. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó lọ síbi iṣẹ́; n ò fẹ́ sọ fún un pé kò gbé pẹ̀lú wa mọ́.

Ife yẹn ni mò ń lò báyìí. Mo tiẹ̀ ti mọ irun ọmọ dì, Màmá, ó kàn máa ń wọ́ díẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méjèèjì tó wà níbí kí yín.