Rédíò Mínísítà àti Ínfátà Màdáámù Yìnyín

Àtìní, 3 Oṣù Kejì
Alhaji ti so wáyà. Láti bákónì wa dé orí páànù Dáfídì, aránṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tó wà ní òdìkejì. Nítorí rédíò kékeré tó ń gbé kiri bí ọmọ tuntun – ó ní wáyà náà ni yóò máa fa ohùn òkè òkun wọlé. Mo sá ìró méjì lé e. Ariwo! "Ìyá Taslimah, ṣé o fẹ́ bo ayé lẹ́nu ni?"
Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Mínísítà Ọ̀rọ̀ Òkèèrè lorúkọ ọkọ mi.

Àlàmísì, 6 Oṣù Kejì
Rédíò kò sọ ju "ṣìììì" lọ. Mínísítà ní Memunat ló fà á, opó tó ń gbé òkè wa, tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Sandgrouse. (Màdáámù Yìnyín ni mo ń pè é – nínú ọkàn.) Ó ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé fíríísà rẹ̀ nígbà tí NEPA bá mú iná wọn lọ. Mínísítà ní ẹ̀rọ yẹn ló ń kùn bí oyin lórí ìgbì rédíò òun. Tó bá gbé rédíò sún mọ́ àtẹ̀gùn obìnrin náà, kíkùn á le sí i. Òótọ́ ni. Mo fi etí mi gbọ́. N kò sọ fún un pé mo gbọ́.

Sátidé, 8 Oṣù Kejì
Ó gun òkè lọ bẹ Memunat pé kó máa pa á fún wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Agbádá ló wọ̀ lọ. Agbádá! Memunat ní, "Alhaji, ẹ má bínú. Bí ẹja mi bá rà, ṣé ìròyìn yín ni n ó gbé lọ tà?"
Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo kí i kú àbọ̀ láti òkè òkun. Kò rẹ́rìn-ín.

Àtàláátà, 11 Oṣù Kejì
Mínísítà ti yí gbogbo yàrá àwọn ayálégbé ká. Gílóòbù wọn, ṣájà fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń ba rédíò òun jẹ́. Dáfídì ní wáyà yẹn gan-an ló ń fa iná òun jẹ. Ẹlòmíràn ní ààrá ló máa fà wá bá wa. Gbogbo ilé ló mọ̀ nípa iná. Kò sẹ́ni tó ní in.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kejì
Ó ti Jímọ̀ dé, ó sọ ọ́ jáde: a ń kó lọ sí Ìkòròdú. Abdulmujeeb àbúrò rẹ̀ ní yàrá méjì tó ṣófo lẹ́yìn ilé rẹ̀. Wọn kò tíì fa iná débẹ̀. "Ìdákẹ́jẹ́ pátápátá!" – bí ẹni ń ròyìn àlùjánnà.
Mo ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Àrin ńkọ́? Mílíìkì àti tòmátò agolo tí mo ti ń tà kí n tó mọ̀ ọ́n? Ó ní oníbàárà á wá mi débẹ̀. Lafiaji níbí ni wọ́n bí mi sí. Lafiaji ni wọ́n bí ìyá mi sí.
Mo sunkún sínú ilá tí mo ń rẹ́. Ilá kì í ṣe àlùbọ́sà. Ó rí mi, kò bi mí.

Àtìní, 17 Oṣù Kejì
Ó ti di àpótí kan. Rédíò nìkan ni kò tíì dì.

Àlàrùbá, 19 Oṣù Kejì
Kò sí iná láti Sátidé, káàkiri Èkó. Epo wọ́n, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Fóònù kú. Bátìrì Memunat gbẹ, ínfátà náà kú. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Mínísítà tan rédíò – Subhanallah! Ohùn ọkùnrin kan jáde ketekete, bí ẹni jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa.
Gbogbo ilé tú jáde. Dáfídì gbé àga wá. Memunat sọ̀ kalẹ̀. Mínísítà ń túmọ̀ òyìnbó fún wọn, ó na ìka sókè bí lémọ́mù. Ìròyìn wá kan ilẹ̀ wa: agbẹnusọ ìjọba kan ti sọ fún wọn lókè òkun pé iná ń tàn ní gbogbo Èkó.
Dáfídì gbójú sókè wo gílóòbù tó kú.
Memunat ní, "Alhaji, ẹ bá wa bi í, Èkó wo?"
Ẹ̀rín pa wá. Mínísítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀.

Sátidé, 22 Oṣù Kejì
Iná dé lánàá. "Up NEPA!" – gbogbo wọn sá lọ ki ṣájà bọ iná. Rédíò padà sí ṣìììì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ òní, kíkùn náà ṣàdédé dáwọ́ dúró. Memunat ló pa ínfátà. Ó gbé àga tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Alhaji, kí ni wọ́n wí lónìí?"

Àtàláátà, 25 Oṣù Kejì
Memunat wá lánàá. Ó tún wá lónìí, pẹ̀lú àtíkè lójú. NEPA ti mú iná, ínfátà wà ní pípa, fíríísà ń yọ́ – omi ẹja ń kán sí bákónì wa. Mo sọ fún un.
"Ìyá Taslimah, ẹja á tún wà."
Obìnrin tó jẹ́ kí ẹja òun rà nítorí ìròyìn òkèèrè, ìròyìn kọ́ ló wá gbọ́. Mínísítà sì ti ń gé irùngbọ̀n lójoojúmọ́.

Àlàmísì, 27 Oṣù Kejì
Mo pe Abdulmujeeb láti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó bá wa gbá yàrá méjèèjì, a ń bọ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi.
Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Mo ti fi fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí ní Sátidé pé kí n má retí yín mọ́."
Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ pé ó fà á.
Ó ní, "Wọ́n ní Lafiaji ti ń dùn."