Wọ́n Ti Orúkọ Àwọn Opó Wa Mọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi, gbogbo àdúgbò wa ní Mile 3 ló mọ̀ mí.

Ẹgbẹ́ wa máa ń fún àwọn opó lóògùn. Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tá a kó orúkọ wọn sí, àfi bí Nengi, akọ̀wé wa, ṣe pariwo: "Mama, free don finish o!" Ọ̀fẹ́ ti tán, owó ló kù. Ó ní ká kọ̀wé bẹ àwọn tó ni ín, wọ́n máa ń dín owó kù fún ẹgbẹ́ aláàánú. Mo ní èmi kì í bẹ̀bẹ̀. Nígbà tá ò sanwó, ni wọ́n bá tì í pa. Ìwé àtijọ́ tá a ń kọ orúkọ wọn sí tẹ́lẹ̀ sì rèé, mo ti fi dáná.

Mama Boma, ará Isiokpo, kò wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣù yìí. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ṣé kí n bẹ̀bẹ̀ ni? Ẹ dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Mama Boma, ẹ sọ fún un pé oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.