Ojú Oórì Tí Mo Jókòó Lé

                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Odi,
                                        Évora,
                                        Ilẹ̀ Potogí.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Ọ̀wàrà, 1999.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Bọ̀dá Akínlolú,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko kòkó. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá wa ti fúyẹ́? Àǹtí Comfort, ìyàwó yín, ńkọ́? Ṣé Jẹ́jẹ́, ọmọ yín, ti ń rìn? Èmi wà láàyè, mo sì ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yìí kò mọ iyán.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, pé Bàbá Jacob, àbúrò bàbá wa, fẹ́ ta ilé Bàbá Àgbà fún ẹni tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé epo. Wọ́n ní láti ìgbà tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ ni ilẹ̀ etí títì Ìkẹ́rẹ́ ti di góòlù, àti pé ẹ̀yin nìkan ló kù kí ẹ fọwọ́ sí i. N kò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló jẹ́ kí n mú bírò.

Èmi àti Daniel, ọmọ Ògòtún tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà níbí, tẹ̀lé àwọn àlejò kan tí obìnrin tó ń jẹ́ Amélia ń mú káàkiri láti fi àwọn ohun àtijọ́ ìlú hàn wọ́n. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. A rí òpó òkúta gàgàrà tí àwọn ará Róòmù gbé ró láyé ọjọ́un. A rí afárá gíga tó ń gbé omi wọ ìlú nígbà kan rí. Àwọn ènìyàn kọ́lé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Wọ́n sá aṣọ sójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó wó o. Bí mo ti ń wo àwọn òkúta yẹn, òkè Olósùnta ló ń wá sí mi lójú, bó ṣe máa ń dúdú lẹ́yìn òjò, tí a ó máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà Bàbá Àgbà.

Nígbà tó yá, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Oòrùn ti pa wá, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo rí òkúta pẹrẹsẹ kan nílẹ̀, tó mọ́, tó tutù. Mo jókòó lé e. Nígbà tí mo gbádùn rẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo dijú. Ẹ̀gbọ́n mi, igbe ni mo gbọ́! Amélia ń sáré bọ̀ bí ẹni tí oyin ń lé.

Daniel ní, "Dìde, ìwọ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yìí! Òkú ló wà lábẹ́ rẹ!"

Mo ní, "Èmi náà mọ̀. Ṣebí orúkọ rẹ̀ rèé lára òkúta. Ìdí nìyẹn tó fi tutù."

Amélia ní kí Daniel bi mí bóyá n kì í bẹ̀rù òkú ni. Mo ní kó sọ fún un pé inú pálọ̀ ni a sin Bàbá Àgbà sí nílé wa, pé orí sìmẹ́ńtì ojú oórì wọn la ti ń jẹun, ibẹ̀ la ń ní kí àlejò jókòó sí, ibẹ̀ náà ni Ìyá wa sì máa ń tẹ́ mi sí tí ibà bá mú mi, kí ara mi lè tutù. Ojú obìnrin náà rọ̀. Ó wò mí títí, ó wá béèrè pé, "Ṣé ilé náà ṣì wà?"

Mo dìde kúrò lórí òkúta náà, ìbéèrè yẹn ni mo sì gbé wálé.

Ẹ má bínú, n kò mọ bí a ti ń fi oyin sí ọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ ilé epo lè rí òmíràn. Páànù ilé náà tó ń jò, èmi ni màá pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá Àgbà ló máa ń sọ pé ulé làbọ̀ sinmi oko. Oko ni mo wà yìí.

Ẹ bá mi kí Ìyá wa àti Àǹtí Comfort. Ẹ bá mi gbé Jẹ́jẹ́ jó. Ẹ kí Bàbá Jacob náà, ẹ má sì fi ohun tí mo sọ pamọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ẹ má wulẹ̀ gbé àga fún mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá ibi tí mo máa jókòó sí.

                                        Èmi ni àbúrò yín olórí kunkun,
                                        Kọ́láwọlé.