Ẹni Tó Wọlé Ṣáájú Mi

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì.

Gádíyẹ̀n tí ọmọ mi gbà fún mi láti Kùtọnu pé kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò fẹ́ kí n wọ ilé ara mi lónìí.

Mo ti oko ní Goro dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ru àpò kajú, ó sì na ọwọ́ dí mi lọ́nà. “Màmá onílé ti wọlé láti aago mẹ́ta.” Ó ṣí kàyé tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá wọlé sí hàn mí. Orúkọ mi ló kọ síbẹ̀.

“Èmi ni màmá onílé!”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó dé. Híjáàbù ló mọ̀, kò mọ ojú. Ìgbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ hàn án ló tó yẹ̀ fún mi.

Tata Màríámù ìbá ti mọ̀. Ogún ọdún ló fi ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, tó ń bó ẹ̀pà, kò sí ẹni tó wọlé tí kò rí. Gádíyẹ̀n yìí ló lé e dìde. Èmi náà sì dákẹ́.

Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn kí n tó jáde náà ni mo bá a. Kò sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹní ìrun tí mo ká láàárọ̀ ti wà ní títẹ́, ibi tí à ń forí kàn sì tutù fún omi àlùwàlá.

Mo padà lọ bi gádíyẹ̀n pé ìgbà wo lẹni aago mẹ́ta jáde.

Ó yẹ kàyé wò. “Kò tíì jáde, Màmá.”

Mo ń wò ó báyìí láti ojú fèrèsé. Títì ló kọjú sí. Ó kẹ̀yìn sí àwa méjèèjì.