Fèrè Tí Mo Fọn Nígbà Tí O Ṣubú

Ẹ̀gbẹ́ pápá,
Wirrabin.
Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù Keje.

Tegan, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé orúnkún náà ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé oúnjẹ ilé ìwòsàn ń bá ọ lẹ́nu mu? Ara tèmi le, bí igi gbígbẹ ṣe máa ń le. Glenys tó ń ta páì létí pápá ló ń bá mi kọ èyí, ìwọ náà kúkú mọ̀ pé n kò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un.

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ Sátidé tí o ṣubú yẹn kò yé mi. Bí a ṣe ń ṣe é ní Wirrabin nìyẹn: a ó to ọkọ̀ yí pápá ká, bí agbábọ́ọ̀lù àlejò bá ṣubú tí kò lè dìde, a ó máa fọn fèrè ọkọ̀ títí wọn yóò fi gbé e jáde. Èmi ni mo máa ń ṣáájú. Èmi àti Merle ìyá ìyá rẹ la jọ ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ mi, òun a sì máa rẹ́rìn-ín. Ó di ọdún mẹ́rin tó ti kú. Ọwọ́ mi nìkan ló kù níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìlú Korrumble lo ti ń ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé o ti ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Glenys ní o fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ṣubú nínú aṣọ Korrumble, mo fọn fèrè. Àwọn yòókù gbè é. Barney tó ń tọ́jú pápá ló sáré wá gbá fèrèsé ọkọ̀ mi: "Bàbá, ẹ dákẹ́! Tegan yín mà ni!"

Nígbà tí mo wá bá ọ nílé ìwòsàn, mo ní n kò mọ̀ pé ìwọ ni. O ní, "Bàbá àgbà, nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn, mo dá fèrè yín mọ̀. Ká ní kì í ṣe èmi ńkọ́?" O ní kí n máa lọ. Mo ti wá èsì títí, n kò rí i. Ṣé èèyàn burúkú ni Merle ni? Kò sí ẹni tó ṣàìsàn ládùúgbò yìí tí kò gbé ọbẹ̀ lọ fún. Báwo ló ṣe wá ń fi ẹni tó ń jẹ̀rora ṣẹ̀rín ní Sátidé? Èmi náà ńkọ́?

Sátidé tó kọjá, ọmọ àlejò mìíràn tún ṣubú. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Barney pariwo: "Bàbá Clarrie, ṣé bátìrì yín ló kú ni, àbí ẹ̀yin gan-an?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọn ọ́n láìsí mi. Mo bá sọ̀ kalẹ̀, mo rìn wọnú pápá. Wọ́n ń kígbe pé, "Ti ta lẹ ń ṣe gan-an?" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi ọmọ náà pé kí lorúkọ rẹ̀. Brodie ni. Ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ̀. N kò mọ̀ bóyá èsì nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni mo ní fún ọ.

Kí orúnkún rẹ san, kí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn jáde níbẹ̀. Kí o dàgbà ju ìyá ìyá rẹ lọ, kí o sì gbọ́n jù mí lọ.

Èmi ni bàbá ìyá rẹ,
Clarrie Hoskin.

Àfikún: Ọjọ́bọ̀ ni mo ń bọ̀. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, n kò ní bínú. N ó tún wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.