Ọdún Tí Ẹfọ̀n Gbẹ̀yìn

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kìíní
Ọ̀gá pè mí. Ó ní kí n fi iye mọ́tò olówó ńlá tá a tà lọ́dún tó kọjá wéra — Àṣá, Ọ̀kín, Ẹfọ̀n. Oríṣi mẹ́ta, gbọ̀ngán ìtajà mẹ́ta. Èyí tó bá gbẹ̀yìn, wọ́n á ti gbọ̀ngán ẹ̀ pa. Mo ní, ó ti yé mi, sà. Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ ló ń bójú tó Ẹfọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó fà mí wọ ilé iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Àṣá ló ṣíwájú. Ọ̀kín ń tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́. Ẹfọ̀n — ọwọ́ mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo tún un wò. Láwọn ọdún tó ṣáájú, Ẹfọ̀n ló máa ń fi àwọn yòókù sẹ́yìn. Ọdún tó kọjá nìkan ló ṣubú, láti ìgbà tí àìsàn ti dá Màámi dùbúlẹ̀ títí dọjọ́ tá a sin wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ló ń gbé Màámi lọ ọsibítù, àwọn náà ló ń fi ṣíbí fún wọn lómi. Oníbàárà ń pè, fóònù ń dún nínú àpò. Ta ló máa gbé e? Làwọn oníbàárà bá sọdá sọ́dọ̀ Àṣá.
Mo kọ gbogbo ẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé tí mo fẹ́ fún Ọ̀gá. Kó lè mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Ọ̀gá kà á. Ó mí kanlẹ̀. "Nọ́ńbà ò ní ìyá, màdáàmù. Yọ ìsàlẹ̀ yẹn kúrò." Mo yọ ọ́. Mo wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ sunkún, mo bọ́jú, mo padà sídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá nílé, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ níta. Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ohun tí mo kọ nítorí tiwọn. Mo rò pé wọ́n á dúpẹ́. Ojú wọn yí padà.
"O fi Màámi ṣe àwáwí fún Ọ̀gá?"
Mo ní òótọ́ ni mo kọ. Wọ́n ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló rán mi? "Mo tọ́jú ìyá mi. Ó parí. Kì í ṣe ohun tá à ń kó lọ sọ́jà."
Ìyàwó wọn gbé omi wá. Kò sẹ́ni tó mu ún.
Ẹnu mi. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 31
Wọ́n ti gbọ̀ngán Ẹfọ̀n pa lónìí. Wọ́n wa àwọn mọ́tò tó kù lọ. Bọ̀ọ̀dá fi aṣọ nu èyí tó kẹ́yìn — jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ — kí awakọ̀ tó gbé e jáde. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé òkè. Wọn ò gbójú sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejì
Wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Bọ̀ọ̀dá wá sílé mi! Wọ́n ti ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè — kátakátá tí wọ́n fi ń roko ni wọ́n á máa tà. Wọ́n ní ẹni tó ń ra kátakátá kì í béèrè bóyá awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó ẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti tán nínú wọn.
Lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀. Wọ́n fà mí dìde. "Ìwọ kọ́ lo ti gbọ̀ngán náà pa. Bó bá jẹ́ èmi ni, iye tí wọ́n tà gan-an ni ǹ bá kọ."
Wọ́n ṣì di ọwọ́ mi mú.
"Àmọ́ má tíì máa pè mí, àbúrò mi. Bí mo bá ti gbóhùn rẹ báyìí, ṣe ló ń dà bíi pé Màámi ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ máa rò bẹ́ẹ̀ sí wọn."
Mo ní ó dáa. Mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní.